Ọjọ́ 4 ló fi ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kẹta ló ti pa Fágúnwà dé

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 14. Àbúrò mi tó wà ní London fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, Children of Blood and Bone, ti Tomi Adeyemi. Ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì, àmọ́ ọjọ́ 4 ló fi kà á tán. Ó ń kà á nídìí oúnjẹ, wọ́n mú iná lọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó ń kà á lọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ta ni Oxosi?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó gbé ìwé wá kí n wò ó. Bí èmi náà ṣe jókòó tì í nìyẹn, èmi ẹni ọdún 46, mo sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá wọn ní ìwé òrìṣà ni, kí n gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Mo sáré ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà fún un pé kó ka ti ilé. Ojú ìwé kẹta ló pa á dé, ó ní ó ń ṣe òun bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé ó burú kí àgbàlagbà máa ka ìwé ọmọdé? Ìwé Yorùbá wo ló wà tí ọmọ yìí máa kà láìjẹ́ pé mo mú pàṣán dání?

* * *

Èsì 1

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni Oxosi, òrìṣà ọdẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n, aṣọ tó wọ̀ wálé ni kò jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀. Àwọn ará Brazil ló máa ń fi x kọ ohùn tí àwa ń fi ṣ kọ.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Adeyemi sí lọ́dún 1993, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde ní Harvard ló lọ sí Salvador, ní Bahia, ní Brazil, ibẹ̀ ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ojú rẹ̀ fi là sí ìtàn yìí. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe yí po. Òrìṣà wọ ọkọ̀ ẹrú kúrò nílé wa, ó dé Bahia. Ọmọ wa kan gbéra ní Amẹ́ríkà, ó lọ bá a níbẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 2018. Ìwé gba London kọjá, ó dé Ìbàdàn, ọmọ Ìbàdàn wá ń bi ìyá ẹ̀ pé ta nìyí.

Ní iwájú ìwé náà, wọ́n to ìdílé onídán mẹ́wàá àti òrìṣà tó ni wọ́n. Ẹ ṣí i. Babalúayé tí wọ́n fún ìdílé Ìwòsàn, Ọbalúayé wa ni, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Cuba. Lọ́la, ó lè bi yín pé kí ló dé tí Ọya fi wà lọ́dọ̀ ìdílé Ikú, tí afẹ́fẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Ayaò. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọya ló ni afẹ́fẹ́, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dági lókè lókè. Àmọ́ lókè òkun lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ Ọya lọ̀rọ̀ àwọn òkú pọ̀ sí, àwọn ará Cuba sì ní àbúrò ẹ̀ obìnrin, Ayaò, ló ń gbé inú afẹ́fẹ́. Adeyemi ò ṣì í kọ. Ibi tó ti gbọ́ ọ ni kò jọ ibi tí àwa ti gbọ́ ọ.

Èyí nìkan, ẹ lè fi ṣeré alẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan. Màá padà wá sórí Fágúnwà.

* * *

Èsì 2: fún àwọn tó ní ó ba èdè jẹ́

Ẹni mẹ́ta ti ta kò mí kí n tó jẹun alẹ́ tán. Àròyé wọn, ọ̀kan náà ni: ọmọ Amẹ́ríkà yìí ti ba nǹkan wa jẹ́. Wọ́n ní kí n wo bó ṣe kọ orúkọ ilẹ̀ inú ìtàn náà, Orïsha, tó kó àmì méjì gun i lórí. Òótọ́ ni. Abẹ́ s làwa ń fi tiwa sí, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Òun kó méjì, ó gbé e gòkè àjà.

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ìlọrin ńkọ́? Nínú ìwé yẹn, etí òkun ni Ìlọrin wà! Abúlé apẹja, ilé tó léfòó lórí omi. Ìlọrin tí òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin sọ lórúkọ. Ọmọ Ìlọrin nìyàwó mi. Nígbà tí mo kà á sí i létí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n bá òun bi wọ́n bóyá àkàn ti wà lọ́jà Ìpàtà.

Inú bí mi fún bí ogún ojú ìwé. Lẹ́yìn náà mo rántí pé kò sẹ́ni tó tíì rí Òkè Lángbòdó Fágúnwà lórí máàpù rí, a ò sì torí ẹ̀ bá a jà. Ẹ óò ní Fágúnwà dá orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ ni, kò kó orúkọ ìlú onílùú. Mo gbà. Ẹ fún Adeyemi ní ẹ̀bi yẹn.

Ohun tó dùn mí ju Ìlọrin lọ ni ọfọ̀. Yorùbá lọfọ̀ inú ìwé náà, òun lèmi kọ́kọ́ yọ̀ sí, mo tiẹ̀ kà á sókè. Ìgbà tí mo kà á sókè tán ni mo rí i pé àdúrà ni, kì í ṣe ọfọ̀. Àdúrà tó dáa ni o, wọ́n lè gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ìjọ ṣàmín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí mọ̀ pé orúkọ ewé ni wọ́n fi ń rán ewé níṣẹ́. Ìró inú orúkọ yẹn gan-an ni agbára ẹ̀. Ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́, ọmọ tó ka ọfọ̀ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, tó wá ń bèèrè èyí tó kún, ṣé òun la fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀?

* * *

Èsì 3: ọ̀rọ̀ bàbá ilé

Ọkọ yín ò parọ́, òrìṣà wà níbẹ̀. Ẹ kàn bá mi bi wọ́n léèrè pé ta ló tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde lọ́dún 1938. CMS ni, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Tíṣà ni Fágúnwà, Onígbàgbọ́ pọ́ńbélé, òun náà ló kó iwin, ẹbọra àti àǹjọ̀nú jọ sínú igbó kan ṣoṣo, tí bàbá àti ìyá wa fi ń kọ́wèé kíkà. Bí a bá ní ká gbà tọ̀hún lọ́wọ́ ọmọ nítorí òrìṣà, ká yáa gba méjèèjì.

Ohun tó yẹ kó kó wọn lọ́kàn sókè nínú ìwé Adeyemi kì í ṣe Ọya. Ṣọ́jà ọba ni. Wọ́n so ìyá Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé, kọ́ sára igi nígbà tí Zélie wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn ìwé, Adeyemi fúnra ẹ̀ ṣàlàyé pé àsìkò tí ìròyìn ń gbé e lemọ́lemọ́ pé ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń yìnbọn pa èèyàn dúdú tí ò gbé ohun ìjà lòun kọ ọ́. Ẹkún tí ẹ sun yẹn, Amẹ́ríkà ló ti wá, ó kàn bá tiwa nílé ni. Oṣù kọkànlá 2020 ni mo kà á, ọ̀rọ̀ Lẹkí, níbi tí ṣọ́jà ti yìnbọn sí àwọn afẹ̀hónúhàn, ò tíì pé oṣù méjì. Mo dé ibi tí wọ́n ti ṣe ìyá yẹn báyẹn, mo pa ìwé dé, ọjọ́ méjì ni mi ò ṣí i.

Ìyẹn ni kí ẹ bá ọmọ sọ. Ẹ bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ n ya bàrá díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Manchester, ọmọ ọdún 15. Òun fẹ́ràn Inan, ọmọ ọba tó ń lépa wọn. Èmi ò lè fojú rí i! Ọmọ ogun tó kó wá ló dáná sun Ìlọrin yẹn (ìyàwó mi ní kí wọ́n ṣáà ti gbé iná náà wá sí Ìpàtà, àwọn á pa á), Zélie sì tún ń wo ojú ẹ̀ lójú àlá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò mọ̀ bó ṣe máa ń rí ni." Mo dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí lóòótọ́.

* * *

Èsì 4

Ṣé ó burú kí àgbàlagbà máa kà á? Kò burú. Èmi ẹni ọdún 43, inú ọkọ̀ èrò ni mo ti máa ń kà wọ́n. Látijọ́, ìwé ìròyìn ni mo fi ń bo èèpo ẹ̀yìn ìwé. Mo ti ṣíwọ́.

* * *

Èsì 5: Fágúnwà, etí la fi ń kà á

Ẹni kan kọ̀wé lókè pé ọ̀lẹ lọmọ yín, pé àwọn ka Fágúnwà tán ní ọmọ ọdún 10. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà yín gbọ́. Àbí kí n sọ ọ́ báyìí: ẹnì kan ló kà á fún yín, ẹ gbàgbé ẹni náà.

Ẹ gbé ìwé náà, kí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìlù ògìdìgbó ni, ìmọ̀ràn fún òǹkàwé ni, bó ṣe yẹ kó kà á àti bó ṣe yẹ kó jó o. Ọmọ tó pa á dé lójú ìwé kẹta, Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn dá lé, ò tíì dé inú igbó rárá. Nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni kò dùn mọ́ ọn.

Ìdí kejì tún wà, bí ìwé náà bá jẹ́ àtẹ̀jáde àtijọ́. Ti bàbá mi wà lọ́wọ́ mi báyìí, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti lọ, téèpù ló dì í mú. "Nwọn" ló wà níbi tí àwa ń kọ "wọ́n", "enia" ló wà níbi ènìyàn, "aiye" níbi ayé. Ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò nílé ìwé báyìí. Bàbá mi mú pẹ́ńsùlù, ó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣi èmi ọmọ lọ́nà, ó ṣe é títí dé orí kejì, ó sú u. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo dé ibi àwọn ìdílé mẹ́wàá nínú ìwé Adeyemi, mo rí ìdílé Ògún, "Aiyé" ni wọ́n kọ. Àkọtọ́ bàbá mi! Ó ti di ohun àtijọ́ níbí, lókè òkun ló lọ fara pamọ́ sí. Ẹ fi méjèèjì han ọmọ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ Manchester tí mo sọ yẹn ń gbọ́ Yorùbá, kò lè kà á dáadáa. Mo máa ń ka Ògbójú Ọdẹ sórí WhatsApp fún un, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mi ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ibi Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó yẹn, ni mo ti bẹ̀rẹ̀: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ, ojú 16 tó yí orí ẹ̀ ká. Mo kà á dé ibi tí òun àti Àkàrà-oògùn ti ń wọ̀yá ìjà, mo dá a dúró síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló ti ń pè mí pé ṣé ó pa á ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wá béèrè fúnra ẹ̀ pé báwo ni ọdẹ yìí tiẹ̀ ṣe dé inú igbó, a wá padà sí ojú ìwé kìíní.

Ẹ má ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ta kókó o. Bí ẹ bá ń dúró ṣe ìtumọ̀, ẹ ti sọ ọ́ di kíláàsì nìyẹn. Tó bá fẹ́ mọ̀, á bi yín.

* * *

Èsì 6: Ó Le Kú àti ẹjọ́ ọjọ́ orí

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa mú un wá. Ẹ ti mú un wá, ẹ sì ti ń jà.

Fún ẹni tí kò kà á: ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, ọdún 1974 ló jáde. Àjàní, ọmọ yunifásítì n'Ìbàdàn, fẹ́ parí ẹ̀kọ́, ìyá ẹ̀ ní kó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé náà wà níbẹ̀. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997. Ìró àti bùbá kúkúrú tí wọ́n ń pè ní oléku, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ sóde ìyàwó ò mọ̀ pé èèpo ìwé làwọn wọ̀ sára. (Oṣù kejì 2018 ni Ìṣọ̀lá kú. Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ìwé Adeyemi jáde. Mi ò fi ṣe nǹkan kan, ó kàn máa ń wá sí mi lọ́kàn.)

Apá kan nínú yín ní ọmọ ọdún 14 kéré fún ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́ta. Apá kejì ní kí a fún un, ó ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù. Ẹ̀yìn apá kejì ni mo wà, àmọ́ kì í ṣe tìtorí fóònù. Ọmọ tó ti rí i pé Zélie lè fẹ́ràn ẹni tí kò yẹ kó fẹ́ràn, á rí ìdí tí Àjàní fi ń yí kiri bí ẹni tí kòkòrò wọ etí ẹ̀. Èdè ibẹ̀ tún rọrùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kà á ní ọmọ ọdún 16, ẹ̀yìn Lọlá ni mo wà. Mo tún un kà lọ́dún tó kọjá, ojú tì mí fún Àjàní. Kí ló ń dúró dè? Kí ló ṣe tí kò lè la ẹnu ẹ̀?

Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fún un kó tó kan án ní ilé ìwé. Ìdánwò ló ń pa ìwé wọ̀nyí. Níléèwé tí mo lọ, ìwé Yorùbá ni "ṣàlàyé ìwà ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta pẹ̀lú àpẹẹrẹ". A há a sórí, a lọ dà á sórí pépà, ó tán. Ìwé tí a ń kà fún adùn wà lábẹ́ tábìlì: Pacesetters, àwọn ìwé pẹlẹbẹ Macmillan yẹn, tí èèpo wọn bá ti ya, ẹ mọ̀ pé ó dùn. Tíṣà wa obìnrin ká mi mọ́ ọn, ó gbà á, ó fún mi ní ẹgba mẹ́fà. Nígbà tí a jáde ìsinmi, mo gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn kọjá. Ó ti kà á dé ìdajì, ó fi ẹ̀pà jíjẹ sí i.

* * *

Èsì 7

Ẹni tó wà ní Peckham, mo rí ọ̀rọ̀ yín, mo sì rò ó kí n tó fèsì. Ẹ ní gbogbo ìwé tí mo dárúkọ, kò sí ọmọ ọdún 14 kankan nínú wọn. Ọdẹ ni Àkàrà-oògùn, àgbà ọkùnrin. Àjàní ti fẹ́ gboyè. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ rí ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ jàre mi. Mo fẹ́ jiyàn, mi ò rí ibi tí màá dì mú. Nínú ìwé Adeyemi, àwọn ọmọ ló gbé ọ̀rọ̀ lọ, àgbà tó bá yọjú á kú tàbí kó ṣìwà hù. Tiwa, ọmọ á ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ nǹkan, bàbá arúgbó kan á yọ láti ẹ̀yìn igi, á fi ìmọ̀ràn kún ojú ìwé mẹ́rin. Mo fẹ́ràn bàbá arúgbó yẹn báyìí tí irun mi ti ń funfun. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 14, mo máa ń fo ibẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé Yorùbá níhìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ ò ṣe pa bàbá náà fún wa nínú orí kìíní?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tí ẹ tún ń fà, ẹ jẹ́ ká gbé e jùnù fún òní. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ, ohùn kì í ṣi àmì sí.

* * *

Èsì 8

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ ti fèsì, mo ní kí n gbé e wá síbí kí gbogbo wa rí i. Ọmọ ti mú pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà sí Oxosi lára, ó kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tún fi àmì ìbéèrè sí Ayaò. Ó Le Kú ṣì wà lórí àga, kò tíì ṣí i. Ìyá ẹ̀ gbìyànjú ibi Àgbákò lálẹ́ ọjọ́ Etì. Iná ò sí, ó ń kà á pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bàbá wọn jókòó sí pálọ̀, ó ní òun ń wo ìròyìn lórí fóònù tirẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn ìròyìn dákẹ́. Wọ́n gbọ́ tó pariwo láti pálọ̀ pé, "Ojú mélòó lẹ ní ó ní?"